Ohun Tí Wọ́n Yọ Kúrò Lára Àsíá

Ẹ̀yin orí adé tí ẹ wà níjokòó, ẹ̀yin olóyè, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gba ọjọ́ Sátidé mọ́ lọ́wọ́ kí ẹ lè wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó, mo kí gbogbo yín bí àwa Ọ̀kun ṣe ń kí ara wa: ọ̀kun o. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àsíá ìpínlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ya á àti ohun tí àwọn àmì ara rẹ̀ ń sọ. Iṣẹ́ ọnà ni mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní ilẹ̀ Kàbbà àti Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé nínú gbogbo ohun tí mo fọwọ́ kàn lẹ́nu iṣẹ́ náà, àsíá ni mo kọ́kọ́ bàjẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ṣì jẹ́ olùkọ́ tuntun ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè yìí. Àjọ̀dún òmìnira ku ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí a ṣí àpótí tí a rí i pé eku ti jẹ àsíá wa. Ọ̀gá wa fún mi lówó, ó ní kí n sáré lọ rán òmíràn. Mo wọ inú ọjà Kàbbà, mo ra aṣọ gríìnì, mo ra funfun, mo kó wọn fún télọ̀ kan, mo ní, “Gríìnì, funfun, gríìnì.” Ó ní ta ni kò mọ àsíá Nàìjíríà. Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rán an tán, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ká a mọ́ra bí aṣọ ìyàwó. Ìgbà tí a so ó mọ́ okùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, tí atẹ́gùn wá nà án, ni gbogbo wa tó rí i pé ńṣe ló to àwọ̀ náà léra wọn: gríìnì lókè, funfun láàrin, gríìnì nísàlẹ̀. Àwọn ọmọ kọrin orílẹ̀-èdè fún un dé òpin, nítorí kò sí ohun tí a tún lè ṣe. Nígbà tí mo gbé e padà lọ bá télọ̀, ó wò mí, ó wo aṣọ, ó ní, “Tíṣà, èwo ni kò sí níbẹ̀ nínú mẹ́ta tí ẹ kà fún mi?”

Mi ò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì tí mo ní lónìí ni pé kò sí èyí tí kò pé, síbẹ̀ kì í ṣe àsíá wa. Pupa, funfun àti búlúù ni ilẹ̀ Faransé ń lò, àwọn náà ni ilẹ̀ Nẹ́dálándì ń lò. Ọ̀kan nà án lóòró, ìkejì tẹ́ ẹ ní ìbú, a kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì. Bí ẹ bá yí àsíá Ireland padà kí apá tó kan igi bọ́ sí òdìkejì, ti Ivory Coast ni ẹ gbé dání yẹn. Tiwa yọ nínú ìyẹn, nítorí kò ní ọ̀tún, kò ní òsì, àfi bí a bá gbé e dùbúlẹ̀ bí mo ti ṣe.

Ẹni tó ya àsíá náà, Michael Táíwò Akínkúnmi, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni nígbà tó ya á. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i ní Ìbàdàn. Ìlú London ló wà, níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní Norwood Technical College, nígbà tó rí ìkéde nínú ìwé ìròyìn pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àsíá fún Nàìjíríà tó fẹ́ gba òmìnira. Ó ya tirẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Àwòrán tó fi ránṣẹ́ náà kì í ṣe èyí tí a ń ta sókè lónìí gan-an: ní àárín apá funfun, ó ya oòrùn pupa kan tí ìtànṣán rẹ̀ yọ yí ká. Àwọn tó ṣe ìdájọ́ mú àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ oòrùn náà kúrò. Èyí tó ṣẹ́ kù ni wọ́n ta sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni wọ́n fi ta á lọ́rẹ. Ó padà wá sílé ní ọdún 1963, ó sì ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn títí ó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1994, ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí iṣẹ́ àgbẹ̀ gan-an ni wọ́n ní àwọ̀ ewé inú àsíá rẹ̀ dúró fún. Ìjọba fi oyè ìyìn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń pè ní OFR dá a lọ́lá ní ọdún 2014. Ó jáde láyé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2023.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí oòrùn tí wọ́n yọ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bá gbé irú àwòrán yẹn wá, ó ṣeé ṣe kí n fún un ní máàkì rẹpẹtẹ nítorí oòrùn náà, nítorí pé oòrùn fi hàn pé ó ronú. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tẹ́ sórí tábìlì yàtọ̀ sí aṣọ tó wà lórí òpó. Ẹ kọ́kọ́ ronú kan télọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Àsíá wa, bó ti wà yìí, ègé aṣọ mẹ́ta tó dọ́gba ni, ojú rírán méjì péré, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀. Ẹni tó ń rán aṣọ ìlédìí ọmọ lè rán an. Fi oòrùn onítànṣán sí i, ó di iṣẹ́ ẹni tó mọ aṣọ gé tó sì mọ̀ ọ́n lẹ̀. Ti Kàbbà yóò ní ìtànṣán mẹ́jọ, ti Ẹ̀gbẹ̀ yóò ní méjìlá, ti Mọ́pà yóò sì dà bí òdòdó. Lẹ́yìn ìyẹn, oòrùn pupa lórí aṣọ funfun, ilẹ̀ Japan ti ni ín. Mi ò sọ pé ìdí tí àwọn adájọ́ fi yọ ọ́ nìyẹn. Ohun tí èmi rí nígbà tí mo fi àtàǹpàkò bò ó lójú ni mo ń sọ. Ojú mi balẹ̀. Funfun tó wà láàrin wá ní ìmí.

Ìtumọ̀ tí ìjọba fún àwọn àwọ̀ náà kò gùn: àwọ̀ ewé ni ọrọ̀ ilẹ̀ àti iṣẹ́ oko, funfun ni àlàáfíà àti ìṣọ̀kan. Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ló lè kà á lórí. Ohun tí a kì í sọ fún wọn ni bí àwọ̀ wọ̀nyí ṣe ń wọ etí àwa tí a ń sọ Yorùbá. Nínú èdè wa, orúkọ àwọ̀ tí kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ohun mìíràn kò ju mẹ́ta lọ, funfun, pupa àti dúdú. Ìyókù, ohun tí a ti mọ̀ ni a fi ń júwe wọn: àwọ̀ ewé, àwọ̀ aró, àwọ̀ eérú. Ìyá mi àgbà, tí kò wọ ilé ìwé rí, kò pe àsíá ní gríìnì. “Aṣọ dúdú onílà funfun” ló ń pè é, nítorí pé lójú tirẹ̀ ewé tó bá ti gbó dáadáa, dúdú ni, bí a ṣe ń sọ pé igbó dúdú. Ṣùgbọ́n funfun kò nílò àlàyé kankan fún un. Àlà funfun ni, Ọbàtálá ni, ẹni tí inú rẹ̀ mọ́ ni. Bí ìjọba kò bá tilẹ̀ sọ pé àlàáfíà ni funfun dúró fún, òun náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀.

Pupa wá ńkọ́? Ní Bùnú tó wà lẹ́yìn wa níhìn-ín, aṣọ pupa kan wà tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipò. Àwọn obìnrin ló ń hun ún lórí òfì ìdúró, òwú pupa rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n pa láró; ara aṣọ òkèèrè ni wọ́n ti ń tú u, pàápàá kúbùsù pupa ilé ìwòsàn, tí wọ́n ń fà á yọ ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tún un hun. Kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń gbé lọ sí ọjà. Òun ni wọ́n ń lò fún ìsìnkú ẹni ńlá, òun ni ìjòyè àti eégún ń fi ara hàn nínú rẹ̀. Ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ilé tí aṣọ yẹn ti wà nínú àpótí, bó bá rí oòrùn pupa rògòdò lórí funfun, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn lè má jẹ́ ohun tí ọmọ Ìbàdàn tó wà ní London ní lọ́kàn. Àwọ̀ kì í dá sọ̀rọ̀. Ohun tí ẹni tó ń wò ó ti rí tẹ́lẹ̀ ló máa ń fi dá a lóhùn.

Ó yẹ kí ẹ̀yin ọmọ mọ̀ pé ilẹ̀ wa yìí rí àsíá mìíràn kí ti Akínkúnmi tó dé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́ja, wọ́n dé Kàbbà níbi tí àwọn ọmọ ogun Núpé ti ń pàgọ́, kí wọ́n tó forí lé Bídá. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò ni Kọ́ńpìnnì yìí, ó sì ní àsíá tirẹ̀. Lára àmì tó wà lórí rẹ̀, oríta mẹ́ta kan wà tó dà bí lẹ́tà Y, apá kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ Látìnì kan: Pax, Jus, Ars, èyí tí í ṣe àlàáfíà, ẹ̀tọ́ àti iṣẹ́ ọnà. Pé ẹni tó gbé ìbọn wá fi àlàáfíà ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wo ìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́ja kan náà, wọ́n sọ àsíá Kọ́ńpìnnì kalẹ̀, wọ́n ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè, Lugard sì kéde pé àríwá Nàìjíríà ti bọ́ sábẹ́ ọba wọn. Aṣọ kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ kan gòkè, àwọn baba ńlá wa sì ti ní olówó mìíràn kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa gúúsù àti àríwá pọ̀ ní ọdún 1914, wọ́n ṣe àsíá kan fún Nàìjíríà: aṣọ búlúù, tí ti Gẹ̀ẹ́sì wà ní igun òkè, tí àmì róbótó pupa kan sì wà ní apá kejì. Nínú róbótó náà ni ìràwọ̀ àwọ̀ ewé onígun mẹ́fà wà, nínú ìràwọ̀ ni adé wà, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ Nigeria sí. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ta á sókè ní ilẹ̀ yìí. Mo bi bàbá mi léèrè nígbà ayé rẹ̀ pé kí ló wà lórí àsíá tí wọ́n ń kí ní ilé ìwé wọn. Ó rántí pé búlúù ni. Ó rántí pé nǹkan róbótó kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí, bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá mi lè ka orúkọ gbogbo olùkọ́ tó nà án rí.

Mo dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo fún wọn ní ìwé àti pẹ́ńsùlù aláwọ̀, mo ní kí wọ́n ya àsíá Nàìjíríà láì wo ibì kan. Kí n tó mu omi tán, wọ́n ti ń fi í lé mi lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ ló sì péye. Mo wá ní kí wọ́n ya àmì ìjọba àpapọ̀, èyí tó ní ẹṣin àti ẹyẹ idì, tó wà lẹ́yìn gbogbo ìwé ẹ̀rí wọn. Wàhálà dé. Ẹlòmíràn ya ẹṣin kan, ẹlòmíràn ya ewúrẹ́ méjì. Idì di adìyẹ. Kò sí ẹni tó rántí òdòdó tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin, àwọn tó sì kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, tí í ṣe ìṣọ̀kan àti ìgbàgbọ́, àlàáfíà àti ìlọsíwájú, kò ju mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló yà láì ṣàṣìṣe: apata dúdú tó wà láàrin, àti ìlà funfun tó rí kọ́lọkọ̀lọ tó pín in bí oríta mẹ́ta. Dúdú yẹn ni ilẹ̀ tó lọ́ràá. Ìlà funfun yẹn ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé, níbi tí wọ́n ti pàdé. Ìyẹn ni pé ibi kan ṣoṣo tí ènìyàn lè fi ìka tọ́ka sí lórí máàpù nínú gbogbo àmì Nàìjíríà, Lọ́kọ́ja ni, olú ìlú ìpínlẹ̀ wa. Nínú gbogbo ẹranko àti òdòdó tó yí i ká, òun ni ọmọdé kò gbàgbé.

Ó wá yẹ kí a bọ́ sórí àsíá ìpínlẹ̀ gan-an, kí a sì lọ wo ibi tí wọ́n ti pẹ́ lórí rẹ̀ jù wá lọ. Ìpínlẹ̀ 50 ló wà ní Amẹ́ríkà, gbogbo wọn ló ní àsíá, púpọ̀ nínú wọn ló sì ṣe àṣìṣe kan náà fún ọjọ́ pípẹ́: wọ́n mú aṣọ búlúù, wọ́n lẹ èdìdì ìjọba mọ́ àárín rẹ̀, wọ́n ní àsíá dé. Èdìdì, ara ìwé ni wọ́n dá a fún. Ẹni tó gbé ìwé dání lè fà á mọ́jú kó sì ka lẹ́tà tó yí i po, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró sí ìdí òpó kò lè rí ju àbàwọ́n róbótó lọ, bí atẹ́gùn bá sì yí aṣọ náà padà, lẹ́tà yóò máa ti ẹ̀yìn wá síwájú. Bí ẹ bá to irú wọn mẹ́wàá jọ, ẹni tó ń gbé nínú ọ̀kan lè má mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Àmì tí wọ́n tìtorí ìdánimọ̀ dá kò wá dá ẹnikẹ́ni mọ̀.

Ìpínlẹ̀ New Mexico náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1912 ni ó di ìpínlẹ̀ kẹtàdínláàádọ́ta ní Amẹ́ríkà. Àsíá tó kọ́kọ́ lò láti ọdún 1915 jẹ́ búlúù: àsíá Amẹ́ríkà kékeré wà ní igun kan, nọ́ńbà 47 wà ní igun kejì, orúkọ ìpínlẹ̀ sùn dábùú àárín, èdìdì ìjọba sì wà nísàlẹ̀. Wọ́n kó ohun gbogbo sí i àfi ohun tí ènìyàn yóò fi fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 1925 ni wọ́n gba òmíràn, èyí tí Harry Mera yà, dókítà tó tún ń ṣe iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ní ìlú Santa Fe. Ìyàwó rẹ̀ ló rán èyí àkọ́kọ́. Aṣọ àwọ̀ ìyeyè ni, oòrùn pupa kan ló wà láàrin rẹ̀: òbìrípo kan, ìlà mẹ́rin mẹ́rin ló sì yọ láti apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn lórí rẹ̀. Pupa àti ìyeyè jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ Spéìn tó jọba lé wọn lórí rí. Oòrùn náà jẹ́ ti àwọn ará Zia, ọ̀kan lára àwọn tó ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, tí ẹẹ́rin jẹ́ nọ́ńbà mímọ́ lójú wọn: igun ayé mẹ́rin, ìgbà mẹ́rin inú ọdún, òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru, ìgbà èwe, ìgbà ọ̀dọ́, ìgbà àgbà àti ìgbà ogbó. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àsíá ní ilẹ̀ náà gbé àsíá 72 ti àwọn ìpínlẹ̀ àti agbègbè Amẹ́ríkà àti Kánádà sórí ìwọ̀n. Ti New Mexico ló gba ipò kìíní.

Ẹ̀yin tó gbọ́ ohun tí mo sọ nípa oòrùn Akínkúnmi lè bi mí pé kí ló dé tí ti New Mexico kò fi kúrò. Ìdí rẹ̀ ni pé òun nìkan ni wọ́n yà. Oòrùn tiwa ń bá àwọ̀ ewé àti funfun du àyè. Tiwọn, ilé tirẹ̀ ló wà. Ìlà 16 àti òbìrípo kan ni, ọmọ tó ní ọ̀pá ìdíwọ̀n àti kọ́ḿpáàsì lè fà á láì sọnù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún kan wà nínú ìtàn náà. Ara ìkòkò àwọn ará Zia ni Mera ti rí oòrùn yẹn, ohun ìsìn ni lójú àwọn tó ni ín, ẹnikẹ́ni kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé ohun tí a jí ni. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ya àmì fún ẹgbẹ́ àti ilé iṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ Ọ̀kun báyìí, tí wọ́n ń fi fóònù ya ojú eégún tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sórí fìlà. Bí ẹ bá fẹ́ mú bátànì kan lára aṣọ ipò, obìnrin tó ń hun ún ṣì wà ní Bùnú. Ẹ rìn lọ bá a.

Alaska ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 1927, kí ó tó di ìpínlẹ̀ rárá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ du àsíá yíyà. Ọmọ ọdún 13 kan tó ń jẹ́ Benny Benson, tó ń gbé ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìlú Seward, ló borí. Ó ya ìràwọ̀ wúrà mẹ́jọ sórí búlúù, ó parí. Méje nínú wọn ni àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Béárì Ńlá, tó dúró fún agbára. Ìkẹjọ ni ìràwọ̀ àríwá, nítorí Alaska ló wà lókè pátápátá ní ìhà àríwá. Búlúù jẹ́ ti ojú ọ̀run àti ti òdòdó kékeré kan tó ń hù ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n fún un ní aago ọwọ́ àti ẹgbẹ̀rún dọ́là láti fi kàwé. Ohun tí ó ń rí ní alaalẹ́ ló yà, gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ sì ń rí i, olówó àti tálákà, ẹni tó ni ilẹ̀ àti àlejò. Kò pín àsíá fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Alaska di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1959, wọn kò fọwọ́ kan ìràwọ̀ kankan.

Yíyọ mìíràn wà tó le ju ti oòrùn lọ. Láti ọdún 1894 ni ìpínlẹ̀ Mississippi ti ń ta àsíá kan tó ní àmì ogun àwọn tó jà kí wọ́n lè máa kó ẹrú nìṣó, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn aláwọ̀ dúdú ju ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Ọdún 2020 ni wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn ará ìlú dìbò fún òmíràn tó ní òdòdó magnolia láàrin, ó sì di òfin ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Ọdún 126 ni ẹni tí àmì náà ń bú fi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí kóòtù, lọ sí ilé ìwé, lọ san owó orí.

Nílé ńkọ́? Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, tí wọ́n mú àwa Ọ̀kun àti àwọn Ẹ̀bìrà kúrò nínú Kwara, tí wọ́n mú Ígálà kúrò nínú Bẹ́núé. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa jọ gbé nìyẹn. A ti jọ wà ní Kabba Province lábẹ́ àwọn òyìnbó. Síbẹ̀, ohun gbogbo tí a bá fẹ́ ṣe pọ̀, bí ìpín ẹran ìdílé ni a ń ṣe é: ta ló gba itan, ta ló gba àyà. Mo ti jókòó sínú ìgbìmọ̀ tó fẹ́ ya àmì fún ẹgbẹ́ kan rí, kì í ṣe ti ìjọba o, ẹgbẹ́ lásán ni. Ẹnì kan ní kí a fi iṣu sí i. Ẹnì kan ní kaṣú ń kọ́, ṣebí òun là ń tà. Ẹni tó ti Lọ́kọ́ja wá ní odò kò gbọdọ̀ ṣaláìsí níbẹ̀. Ẹnì kan mẹ́nu ba irin Ajáòkúta, òmíràn ní bí irin bá wọlé, kí símẹ́ǹtì Ọbajánà náà wọlé. Wọ́n fi adé sí i fún àwọn ọba, wọ́n fi ìwé tó ṣí sílẹ̀ sí i fún ẹ̀kọ́. Emi ni mo sì fi ọwọ́ mi yà á. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára ìwé ìpè, tí ó tóbi tó owó ẹyọ, ńṣe ló dà bí ibi tí kòkòrò ti jẹ ìwé.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí ó yẹ kó wà lórí àsíá ìpínlẹ̀ Kogí bí a bá fẹ́ gbé ìdíje síta fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bí ti Alaska, oríta omi yẹn nìkan ni mo máa dárúkọ. Àwọ̀ méjì, ó pọ̀ jù, mẹ́ta. Kò sí lẹ́tà, kò sí adé, kò sí ohun ọ̀gbìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti dúró lórí Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, tó wo ìsàlẹ̀, ti rí i pé omi méjèèjì kì í pò lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá pàdé. Wọ́n á kọ́kọ́ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ wọn á sì yàtọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Èyí lè sọ nípa àwọn tí a jọ wà nínú ìpínlẹ̀ yìí ohun tí èdìdì mẹ́wàá kò lè sọ.

Mo sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ní Ìsánlú ní ọdún tó kọjá. Nígbà tí mo parí, ìyá kan tó dàgbà jù mí lọ dìde láti ẹ̀yìn, ó ní, “Tíṣà, oríta omi tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ti àwọn ará Lọ́kọ́ja ni. Kí ló kàn wá ní Yàgbà?” Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, “Màmá, omi wo lẹ máa ń pọn nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé?” Ó ní Oyi ni. Mo ní ibo ni Oyi ń ṣàn lọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ó ń lọ sí Ọya.” Mo gbé ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó wá ya á sójú pátákó fún wa. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ìjókòó, ó ya oríta mẹ́ta náà, Ọya lápá òsì, Bẹ́núé lápá ọ̀tún. Nígbà náà ló tún fa ìlà tín-ín-rín kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ apá òsì, ó yíjú sí wa, ó ní, “Òun rèé.” Èmi tí mo ti fi wákàtí kan sọ pé kí a máa yọ nǹkan kúrò, dọ́sítà wà lọ́wọ́ mi. Mi ò pa á rẹ́.